Ẹ Tú Ọ̀rá Oògùn Ìyá Yín Wò

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú mi í gbọ́. Bí ìròyìn bá ti ti ìlú òyìnbó jáde pé wọ́n fún arúgbó kan ní oògùn ẹlòmíràn nílé ìtọ́jú àwọn àgbà, ẹ ó rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n á máa mi orí. “Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó bá fi ìyá rẹ̀ sọ́wọ́ àlejò ni irú èyí ń bá. Àwa kì í kó òbí wa dànù. Ọmọ ló ń tọ́jú ìyá lọ́dọ̀ tiwa.” Wọ́n ń sọ ọ́ ní Òṣogbo, wọ́n ń sọ ọ́ ní Iléṣà. Pásítọ̀ ń sọ ọ́, ààfáà ń sọ ọ́, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì ń sọ ọ́, kódà nọ́ọ̀sì tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ń sọ ọ́. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni pé kí a ti oògùn mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí a kọ orúkọ sí i lára, kí a fọwọ́ síwèé lẹ́yìn tí a bá fúnni lò tán, iṣẹ́ ilé ìtọ́jú ni gbogbo rẹ̀. Kò kan ilé tí ọmọ ti ń tọ́jú òbí.

Irọ́ ni, irọ́ tó lè pànìyàn sì ni. Yàrá tí ìyá ẹni ọdún 78 ń sùn sí nílé ọmọ rẹ̀, ilé ìtọ́jú arúgbó ni yàrá yẹn, ì báà má sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tó jẹ́ dandan fún oògùn lọ́hùn-ún, dandan ni níhìn-ín: kó wà nínú páálí tàbí ike tí wọ́n fi tà á, kí orúkọ oògùn àti orúkọ ẹni tó ni ín wà lára rẹ̀, kó wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, kí ẹni tó bá fún ìyá lò kọ ọ́ sílẹ̀.

N kò ní yí ọ̀rọ̀ wọn po nítorí kí n lè borí wọn. Àlàyé wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ogójì arúgbó lè wà lábẹ́ òrùlé kan nílé ìtọ́jú, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹni tó dé lánàá kò mọ ìyá èyí yàtọ̀ sí ìyá tọ̀hún, àfi kí wọ́n kọ orúkọ sára nǹkan. Ṣùgbọ́n ìyá kan ṣoṣo ló wà nílé. Ọmọ mọ oríkì rẹ̀, ó mọ bó ṣe ń húkọ́, ó mọ òru tí kò sùn. Ìyá fúnra rẹ̀ ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún gbọọrọ, ó dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún ní ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀: ta ni yóò ti nǹkan mọ́ ẹni tó bí i? Wọ́n ní owó kò sí, iná kò sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi òwe dé e: bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Àwọn tó ń sọ èyí kì í ṣe òmùgọ̀, wọn kì í sì í ṣe ìkà. Wọ́n fẹ́ràn òbí wọn ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣòro láti já ní koro.

Ṣùgbọ́n ta ni “ọmọ” tí wọ́n ń wí yìí gan-an?

Ẹ jẹ́ ká wọ ilé kan ní Òkè-Ẹ̀sọ̀ ní Iléṣà, tàbí ní Ayétòrò ní Òṣogbo, irú ilé tí gbogbo wa mọ̀. Àkọ́bí wà ní Èkó. Èkejì wà ní Àbújá. Ẹ̀kẹta wà ní Kánádà, òun ló ń fi owó oògùn ránṣẹ́. Àwọn tó kù pẹ̀lú Màmá ni ọmọ-ọmọ tó wà ní SS2, ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta, àti ìyàwó ọmọ tó gbọ́dọ̀ ti wà ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà kí oòrùn tó mú. Ọmọ-ọmọ ló fún Màmá ní oògùn láàárọ̀ kó tó sáré lọ síléèwé. Lọ́sàn-án, Màmá na ọwọ́, ó mú tirẹ̀ lò. Lálẹ́, ìyàwó ọmọ dé, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ilé, Mà. Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?” Màmá tí kò rántí ohun tó jẹ lọ́sàn-án mọ́ ní òun ò tíì lò ó o. Wọ́n tún fún un. Ọwọ́ mẹ́ta ló kan oògùn kan náà lóòjọ́, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí ẹnì kejì ṣe. Kí ni ìyàtọ̀ wọn sí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn? Ẹyọ kan péré: àwọn tọ̀hún ní ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ibi tó ti ń dùn mí jù nìyí. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí físà òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Àwọn ọmọ wa rọ́ lọ, onímọ̀ ìṣirò owó, olùkọ́, òṣìṣẹ́ báńkì. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024 wọ́n ní kò sí pé à ń kó ọkọ, aya àti ọmọ wá mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2025 wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tuntun láti òkè òkun. Àwọn tó ti wọlé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ni wọ́n ń ṣe láràárọ̀? Wọ́n á ṣí ibi tí wọ́n ti oògùn mọ́, wọ́n á wo orúkọ arúgbó, wọ́n á wo orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti aago tí ó yẹ kó lò ó, wọ́n á fún un, wọ́n á dúró kó gbé e mì, wọ́n á sì fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n ń pè ní MAR chart. Bí arúgbó bá kọ̀ ọ́, wọ́n á kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹni tó bá fo ọ̀kan nínú rẹ̀ yóò ṣàlàyé lẹ́nu fún ọ̀gá rẹ̀, ó sì lè pàdánù iṣẹ́.

Ọmọ yìí kan náà á délé lálẹ́, á pe Iléṣà lórí WhatsApp. “Mà, ṣé ẹ ti lo oògùn?” “Mo ti lò ó, ọkọ mi.” Ó parí. Ìyá ẹlòmíràn tí kò bá a tan ní kọ́bọ́ọ̀dù, ní orúkọ lára ike, ní ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìyá tó gbé e pọ̀n ní ọ̀rá dúdú tí wọ́n so kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìfẹ́ ló ju òfin lọ, níbo ni ìfẹ́ yẹn wà nínú ọ̀rá náà?

Wọ́n ní Màmá mọ oògùn rẹ̀. Kí ló fi ń dá a mọ̀? Àwọ̀ ni. “Funfun láàárọ̀, ìyeyè lálẹ́.” Ẹ ní kí apòògùn kan ní Òṣogbo to amlodipine ti ẹ̀jẹ̀ ríru, metformin àti glibenclamide ti àtọ̀gbẹ, àti paracetamol ti orí fífọ́ sórí tábìlì fún yín, kó yọ wọ́n kúrò nínú páálí. Funfun ló máa pọ̀ jù níbẹ̀. Ojú tí yóò sì ṣe ìyàtọ̀ wọn ni ojú ẹni ọdún 78, tí awọ ti ń bò, nínú yàrá tí kò síná. Àwọ̀ pàápàá kì í dúró sójú kan. Lọ́dún 2023, iléeṣẹ́ oògùn GlaxoSmithKline kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà. Sanofi náà fi títa oògùn rẹ̀ lé oníṣòwò mìíràn lọ́wọ́. Owó oògùn fò sókè. Látìgbà náà, ohun tí apá ìdílé bá ká ni wọ́n ń rà, ti iléeṣẹ́ yìí lóṣù yìí, ti iléeṣẹ́ tọ̀hún lóṣù tó ń bọ̀. Hóró tó rí roboto lánàá ti gùn gbọọrọ lónìí. Màmá kò mọ èyí tó jẹ́ èwo mọ́, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí gbogbo ilé ti gbà pé ó mọ̀ ọ́n.

Orúkọ méjì tún ń bẹ fún oògùn kan. Ọmọ kó Tylenol bọ̀ láti Houston, acetaminophen ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Kẹ́mísì ẹ̀gbẹ́ ilé ta Panadol, paracetamol ni wọ́n kọ sára tiẹ̀. Oògùn kan náà ni. Gíráàmù 4 lóòjọ́ ni òpin rẹ̀ fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ti ẹlòmíràn kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì ń jìyà ohun tó bá lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Daonil àti glibenclamide, bẹ́ẹ̀ náà ni Norvasc àti amlodipine: ọ̀kan nínú ìwé dókítà, èkejì nínú ẹrù ọmọ tó ti òkè òkun dé. Bí páálí méjèèjì bá wà lójú, tí ẹnì kan nínú ilé sì lè kàwé, àṣírí á tú láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá ti tú hóró wọn dà sínú ike kan, ta ni yóò mọ̀?

Wọ́n sì ń tú u dà! Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti rà á. Bí owó ọwọ́ yín kò bá ká odidi káàdì, kẹ́mísì á fi síṣọ́ọ̀sì gé hóró mẹ́rin fún yín. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń tẹ ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ sí. Tí síṣọ́ọ̀sì bá ti kọjá, ọjọ́ náà kù sọ́wọ́ ẹni tó tà á. Wọ́n á kó o sínú àpò pélébé, wọ́n á fi báírò kọ “1 × 3” sí i, láìsí orúkọ oògùn, láìsí orúkọ èèyàn. Nígbà tó bá délé, àpò á ya, wọ́n á dà á sínú ike fítámìn sí tó ti tán, èyí tí wọ́n ṣì ń kà ní fítámìn sí lára rẹ̀. Oògùn tí kò lórúkọ burú. Èyí tó ń jẹ́ orúkọ olórúkọ burú jù ú lọ. Láti ọdún 2010 ni NAFDAC ti kọ́ wa ká máa ha ara páálí àwọn oògùn kan, ká fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ayédèrú ni. A gba ìyẹn gbọ́, ó sì dára. Oògùn tó jẹ́ ojúlówó nígbà tó wọlé, tí àwa fúnra wa sọ di aláìmọ̀ nínú ilé, nọ́ńbà wo la máa fi ránṣẹ́ nípa tiẹ̀?

Ooru ńkọ́? Ọ̀pọ̀ páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ibi tí ooru rẹ̀ kò ju 30°C lọ ni kí oògùn máa wà. Ẹni tó bá ti dúró ní Ọ̀láìyá ní Òṣogbo lọ́sàn-án gangan nínú oṣù Kẹta mọ̀ pé 30 ti lọ tipẹ́. Síbẹ̀ ojú fèrèsé, orí tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀bá sítóòfù ni oògùn ìyá wa ń gbé. Áásípírìnì tó bá ti ń rùn bíi fínígà, ọ̀rinrin ti bà á jẹ́ nìyẹn. Òórùn yẹn wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rá oògùn tí a kò tíì tú wò.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́. “Ṣé kí n wá ti oògùn mọ́ ìyá mi bí ọmọdé?” Ta ló ní kí ẹ tì í mọ́ ìyá? Màmá yẹn ń ti àpótí aṣọ òkè rẹ̀ pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà létí ìró, kò sì sẹ́ni tó ní wọ́n tàbùkù rẹ̀. Sányán kò sì pa ọmọ ẹnikẹ́ni rí. Hóró glibenclamide kan ṣoṣo lè fa ṣúgà ara ọmọ ọdún méjì wálẹ̀ débi tí ọmọ náà ò ní jí mọ́. Nínú ilé tí ìyá àgbà wà, ọmọ kékeré kì í wọ́n. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń kó wọn sí kí àwọn òbí wọn lè ráyè ṣiṣẹ́. Ọdún 1970 ni Amẹ́ríkà ti fi òfin dè é pé kí àwọn tó ń ṣe oògùn lo ìdérí tí ọwọ́ ọmọdé kò lè ṣí. Àwa ń ra oògùn nínú ike bẹ́ẹ̀, a ń dà á sínú ọ̀rá, a ń gbé e sẹ́bàá ibùsùn ibi tí ọwọ́ ọmọdé ń dé. Bí orí Màmá bá pé, òun ni kó mú kọ́kọ́rọ́. Bí ìgbàgbé bá ti wọ̀ ọ́, kí ẹnì kan ṣoṣo tí gbogbo ilé mọ̀ mú un. Àbùkù wo ló wà nínú ìyẹn?

Àwọn tó sì ní àṣà òyìnbó ni ìwé kíkọ, ìtàn ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọn kò mọ̀. Láàárín ọdún 1956 sí 1961, dókítà kan tó ń jẹ́ David Morley ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Imẹ̀sí-Ilé. Káàdì ìwọ̀n ọmọ tó ṣe, tí a fi ń wo bóyá ọmọ ń dàgbà bó ti yẹ, kò tì í mọ́ ọ́fíìsì. Ó kó o lé àwọn ìyá lọ́wọ́, nínú àpò ọ̀rá, pé kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá yẹn kò mọ̀wé. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n ń gbé e bọ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá ń gbé ọmọ bọ̀, àpẹẹrẹ káàdì náà sì tàn kárí ayé. Ìran Ìjẹ̀ṣà tó fi àkọsílẹ̀ inú ilé han ayé, òun ni wọ́n wá ń sọ lónìí pé ìwé kíkọ kò bá àṣà rẹ̀ mu? Ọmọ òṣómàáló, tí kì í gbàgbé ẹni tó jẹ ẹ́ lówó aṣọ, òun ni kò lè rántí kọ ọ́ pé Màmá ti lo oògùn aago méje?

Ti owó kò pẹ́ mi. Ìwé iléèwé kan, báírò tí kì í tètè pa rẹ́, ike ńlá kan tó ní ìdérí, àgádágodo kan. Owó tí a ń ná sórí ankọ́ọ̀ ọjọ́ ìbí Màmá ju gbogbo rẹ̀ lọ lọ́nà ogún. Iná tí kò sí kan ìnsúlínì lóòótọ́, nítorí èyí tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, ní ìwọ̀n 2 sí 8. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tí a ti ń lò lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ooru ibẹ̀ kò bá kọjá èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ìyẹn ni ọjọ́ tí a ṣí i ṣe gbọ́dọ̀ wà lára ìgò náà. Ta ló ń kọ ọ́? Àwọn tó sì ń tì í mọ́ abẹ́ ẹran nínú fírísà kí ó lè tutù dáadáa ń bà á jẹ́ ni. Ìnsúlínì tó bá ti dì, wọ́n á sọ ọ́ nù ni. Àìsí iná kọ́ ló fa ìyẹn.

Ó ku èyí tí wọ́n fi ń parí ọ̀rọ̀: “Ó ti pẹ́ tá a ti ń ṣe é báyìí, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀.”

Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀? Ìyá lo glibenclamide lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́, kò jẹun tó. Agbára oògùn yẹn lè wà lára fún odidi ọjọ́ kan. Ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀ lóru. Ó ń làágùn, ó ń sọ ìsọkúsọ, ó dìde, ó ṣubú. Ilẹ̀ mọ́. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àwọn kan ní rọpárọsẹ̀, àbúrò bàbá kan ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta, a ti ń sọ pé ọjọ́ orí ni, Màmá ṣáà ti jẹ ayé, ẹ jẹ́ ká máa múra òkú àgbà. Ṣé ẹnì kan ka iye hóró tó kù? Ṣé ìwé kan wà tí a lè wò? Lọ́dún 1991, Mark Beers, dókítà ará Amẹ́ríkà, kó orúkọ àwọn oògùn tó léwu fún àgbàlagbà jọ nítorí àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó. Glibenclamide wà nínú àtòjọ náà lónìí. Lọ́hùn-ún, àkọsílẹ̀ wà tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Àwa kò kọ nǹkan kan, a wá ń fi àìkọ náà ṣe ẹ̀rí pé nǹkan ò ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan á mú ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde lọ́dún 2009 wá, èyí tí wọ́n ṣe nínú ilé ìtọ́jú 55, lórí arúgbó 256: nínú arúgbó mẹ́wàá, méje ni wọ́n rí àṣìṣe oògùn lára tirẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. “Ẹ wò ó, òfin wọn náà kò ràn wọ́n lọ́wọ́.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó dáadáa. Níbi tí wọ́n ti ní kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n ní lébẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ní òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, méje nínú mẹ́wàá ni. Èló ni yóò jẹ́ níbi tí ọ̀rá dúdú ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyẹn? Wọ́n rí àṣìṣe tiwọn nítorí pé wọ́n wá a.

Ní ti òkété, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ pé kó máa mu ọmú láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ilé tí oògùn ìyá ti wà nínú ọ̀rá, láìlórúkọ, láìní kọ́kọ́rọ́, láìsí ìwé, ìyá náà kò tíì ní olùtọ́jú níbẹ̀, ì báà ní ọmọ méje, ì báà jẹ́ pé wọ́n ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Ilé ìtọ́jú ti òyìnbó tí ẹ ń bú sàn ju ilé yẹn lọ.

Bí ẹ bá ní ìyá tàbí bàbá nílé, ẹ pè wọ́n lálẹ́ òní. Ẹ má bèèrè bóyá wọ́n ti lo oògùn. Ẹ ní kí ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn gbé ọ̀rá náà wá síwájú fóònù, kó ka orúkọ ara oògùn kọ̀ọ̀kan sí yín létí, pẹ̀lú ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Èyí tí kò bá rí kà, kó yọ ọ́ sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má lò ó mọ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kí ó kó gbogbo rẹ̀ lọ bá apòògùn tàbí dókítà wọn, kí wọ́n fi èyí tó lórúkọ rọ́pò rẹ̀.